Ará Àdúgbò Wa Nílé Ni

Ẹnu Yẹ́misí dùn. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo wá ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1988, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ní yunifásítì wọn ní Pọtakọ́ọ̀tù. Bó bá gorí àga níwájú ilé oúnjẹ, àwọn tó ń jẹun á gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ìtìjú!" ni yóò máa ké. "Ẹ yé ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé! À ń fẹ́ dókítà ọpọlọ ní kílíníìkì wa!"

Òun àti Ibiere, ọmọ Kalabari tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí dókítà máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ bá yá padà sí kíláàsì.

Kí ló gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí? Dayọ̀ àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n, ilé ìwé kan náà ni wọ́n sì wà. Lọ́dún tó ṣáájú, bí ìdánwò ti ń bọ̀, Dayọ̀ kò sùn mọ́, ó ń bá ẹni tí a kò rí jiyàn. Kílíníìkì ilé ìwé fún un ní oògùn ibà. Ibà kẹ̀! Ọjọ́ tó bọ́ra sílẹ̀ sójú títì, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa níbẹ̀ ti ń wá okùn tí wọn óò fi dè é sínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Yẹ́misí ló kọ̀ jálẹ̀. Òun ló gbé e dé ilé ìwòsàn tí dókítà ọpọlọ wà, tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń fún un ní ẹ̀kọ mu bí ọmọ ọwọ́. Ara ọmọ náà yá. Ó gba yàrá ní àdúgbò Borokiri nílé obìnrin kan tó ń yan ẹja, ó sì padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn du Yẹ́misí, ó ṣe é.

Àmọ́ ọkọ dé. Babáwálé lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní D-Line, ọmọlúàbí ọkùnrin, Yẹ́misí sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ẹ sì mọ ilé wa. Yorùbá ì báà dé etí òkun, kò ní í fẹ́yàwó láìwádìí: ṣé kò sí wèrè nílé yín, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Àǹtí Serifat, àbúrò bàbá Babáwálé tó ń ta aṣọ lọ́jà Mile 3, ni wọ́n fi ṣe alárenà. Yẹ́misí mọ̀ pé obìnrin náà ń bọ̀ wá wo òun. Kò kàn mọ ọjọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Dayọ̀ wá bá a lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ó gbé ẹja yíyan dání.

"Sístà mi, Màmá onílé wa ní kí n kó o fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá máa rí àwọn aláṣẹ ilé ìwé nítorí ọ̀rọ̀ dókítà, mo fẹ́ bá yín lọ. Ẹ máa ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan báyìí. Mo fẹ́ dìde kí n sọ pé èmi ni."

"Ṣé orí ẹ pé?"

Ó ti sọ ọ́ kó tó gbọ́ ohun tí òun sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Dayọ̀ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó pé báyìí, Sístà mi. Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ fún wọn gan-an nìyẹn."

Kí Yẹ́misí tó rí èsì fọ̀, Àǹtí Serifat ti dé, ó ń fi gèlè fẹ́ra. Ó gba ìkíni, ó wo Dayọ̀ látòkè délẹ̀.

"Arẹwà ọkùnrin! Ta nìyí?"

"Ará àdúgbò wa nílé ni, mà," ni Yẹ́misí wí. "Ìyá rẹ̀ ló ní kí n máa bá òun wò ó."

Háà! Ìyá rẹ̀! Ìyá tó gbé àwọn méjèèjì pọ̀n! Dayọ̀ kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí Serifat, ó gbé ẹja sórí bẹ́ǹṣì, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, mà."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pè é ní mà rí.

Ojú ti Yẹ́misí. Kò lè fẹnu kan ẹja náà, Ibiere ló jẹ ẹ́. Ó ní òun á lọ bẹ Dayọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún ní ó di ọjọ́ kẹta, nígbà tó yá ó ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Ìtìjú kì í jẹ́ kéèyàn rí ọ̀nà ilé ẹni tó ṣẹ̀.

Ọjọ́ àwọn aláṣẹ pé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Yẹ́misí sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dunjú. Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, tó ṣe alága, gbọ́ ọ tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan. Níbo ló wà? Ẹni tí orí rẹ̀ bá ti dàrú, ṣé ó tún lè kàwé? Ẹ fi ẹnì kan hàn mí."

Ẹnu tó dùn gbẹ.

"Èmi ni, sà."

Dayọ̀ ni, ní ọwọ́ ẹ̀yìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pe méjì, ti ọjọ́ tó rìn níhòòhò, ti oògùn ibà, ti oògùn tí òun ṣì ń lò títí di òní. Ó ní òun yege nínú gbogbo ìdánwò òun. Àwọn kan ń sunkún. Ọ̀gbẹ́ni Dagogo náà nu ojú.

"Ta ló gbé ọ dé ilé ìwòsàn, ọmọ mi? Ṣé ẹbí rẹ ni?"

Dayọ̀ wo ilẹ̀.

"Rárá, sà. Ará àdúgbò wa nílé ni. Ìyá mi ló ní kó máa bá òun wò mí."

Ibiere fi ìgbọ̀nwọ́ gún Yẹ́misí. "Yẹ́mi, no be your brother be that? Talk now!"

Yẹ́misí kò sọ̀rọ̀. Ó ń rò ó pé bí òun bá dìde, kí ilẹ̀ tó ṣú Mile 3 á ti gbọ́. Àwọn aláṣẹ gbà pé dókítà yóò máa wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé Yẹ́misí sókè, ó sì rí ẹ̀yìn Dayọ̀ bó ṣe ń jáde lọ.

Nígbà tí Àǹtí Serifat ránṣẹ́ pè é, Yẹ́misí rò pé wọ́n fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ká aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un.

"Ọláídé nìyẹn, àbúrò Babáwálé," ni Àǹtí Serifat wí. "Bó ṣe ṣe àbúrò rẹ ló ṣe òun náà. Òun náà ń lo oògùn."

"Àbúrò mi kẹ̀, mà?"

"Yẹ́misí, mo ti mọ̀ kí n tó wá. Ṣé èèyàn á máa wádìí, kó má gbọ́ ìyẹn? Ojú yín sì jọra bí ìbejì. Wèrè kọ́ ni a wá wá nílé yín, ọmọ mi, ó wà nílé tiwa. Ìyá àwọn Babáwálé ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ Babáwálé ni yóò di ìyá Ọláídé. Ohun tí mo wá wò nìyẹn. Mo gbọ́ pé o sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ọmọ yẹn, mo ní a ti rí ìyàwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ pé ta ni." Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ tí àlejò bá bi ọ́ pé ta ni Ọláídé, kí lo máa pè é?"

Ọláídé ń wo Yẹ́misí, omi tó gbé fún un ṣì wà lọ́wọ́ Yẹ́misí. Ì bá ṣe pé ilẹ̀ lanu, ì bá wọ̀ ọ́.

Láti Mile 3, Borokiri ló gbà lọ. Màmá onílé wà nídìí ẹja rẹ̀, ẹkún ni ó sì bá lójú àlejò.

"Who you be to am?"

"Na my brother," ni Yẹ́misí wí, ó sì tún un sọ ní Yorùbá, ó pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Àbúrò mi ni! Ọmọ ìyá mi ni!"

Dayọ̀ jáde. Kò dì mọ́ ọn, kò sì bínú. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn Yẹ́misí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì ojú títì, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló bá yín wá?" ni ó béèrè. "Ẹ tètè sọ fún mi, kí ni kí n pè yín?"