Ààwẹ̀ Tọ̀sán-Tòru

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu," ni Onídìrí ń bẹ ìyá rẹ̀, ife omi ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá pa ẹnu dé pinpin. Òógùn tó ń ṣàn lára rẹ̀ tó fọ aṣọ odidi bárékè, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi yìnyín. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì ti yẹ̀ ẹ́ wò: Màmá lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ wá mọ́tò. "Bí wọn ò bá mu nǹkan dídùn kí n tó dé, a lè pàdánù wọn o."

"Ìgbà wo lẹ jẹun gbẹ̀yìn, Màmá?"

"Ìjẹta."

Onídìrí, tó fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orí dídì lápá kan, yíjú sí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì. "Àáfà, ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n gbààwẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Màmá?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ọ̀sán nìkan ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí wọ́n jẹun."

Pásítọ̀, tí àdúrà rẹ̀ máa ń ṣí páànù lórí ilé àdúgbò mẹ́ta, wá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ eku. "Èmi ní kí wọ́n gba tòru. Mo rò pé wọ́n ń jẹun lọ́sàn-án."



"Ẹ pín ìyá yín bí iṣẹ́ ọlọ́dẹ," ni Onídìrí wí. "Ìwọ gba ọ̀sán, ìwọ gba òru. Ìgbà wo ni kí wọ́n wá jẹun?"

Àáfà kúnlẹ̀. "Ààwẹ̀ kò sí lọ́rùn aláìsàn. Màmá, ẹ mu ún."

Màmá mi orí. "Bí mo bá já tìrẹ, àbúrò rẹ á ní òun ló ni mí. Bí mo bá já tirẹ̀, ìwọ náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa jà títí lórí mi. Mi ò mu."

"Èmi náà ti tú yín sílẹ̀, Màmá," ni Pásítọ̀ wí.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ tú wọn sílẹ̀," ni Àáfà wí.

"Ta ló ń bá ọ díje?" ni Pásítọ̀ bi í.

Ojú Màmá ń pa dé lọ. Onídìrí gbá ọwọ́ Àáfà mú, ó fi í lé ife. Ó gbá ti Pásítọ̀ mú, ó fi í lé e. "Ẹ dì í mú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sílẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni."

Wọ́n jọ gbé ife náà dé ẹnu rẹ̀.

"Ẹ gbàdúrà sí i," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Àwọn méjèèjì lanu lẹ́ẹ̀kan náà. Onídìrí wò wọ́n. Wọ́n pa ohùn mọ́, ètè wọn nìkan ló ń mì. Màmá ń wo ètè méjèèjì títí wọ́n fi dúró.

"Àmín," ló ní, ó sì mu ún.

Ife ti gbẹ, mọ́tò ti ń fọn fèrè níta, àwọn méjèèjì kò tíì fi í sílẹ̀.