Oògùn Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà

Láàárín ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù ayé àwọn ṣọ́jà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Oyèbísí. Kò sí ohun tí Adétúnbọ̀ ọkọ rẹ̀ ò lò fún un lábà obì wọn lẹ́yìn Ìlá. Nígbà tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀ tí kò lè ṣí i mọ́, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn.

Dókítà Babáyẹmí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti wú nínú ọpọlọ rẹ̀, àwọn sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán rẹ̀ kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ. Láti yà á, rọ́bà tín-ín-rín kan ni wọ́n máa ń tì gba iṣan itan lọ sókè sí orí, àmọ́ iṣan itan Oyèbísí méjèèjì ti dí.

"A ó gba ọrùn ọwọ́," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n, Bàbá, iṣan ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí òtútù bá mú un, tàbí tí ẹ̀rù bá ba Ìyá, ńṣe ló máa súnkì, tí á sì di rọ́bà yẹn mú pinpin. A ó fi aṣọ gbígbóná wé ọwọ́ wọn, a ó sì kọ́kọ́ fún wọn lóògùn tí ń dẹ iṣan. Oògùn ọ̀hún ti tán níbí. Ẹ bá mi wá a. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí i."

Ọkọ̀ ò sí nígboro. Adétúnbọ̀ fẹsẹ̀ rìn láti kẹ́míìsì dé kẹ́míìsì. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ oògùn náà rí. Oòrùn ti mú ganrínganrín kí obìnrin kan ní kẹ́míìsì tó bá a mú un jáde, ló bá sáré padà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Tìjání, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, dí i lọ́nà. "Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú. Ẹ jókòó, Bàbá."

"Oògùn tí wọ́n rán mi ni mo mú dé!"

"Ọ̀gá dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ẹ má kó bá mi."

Adétúnbọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lè bí. Orí ilẹ̀ náà ló wà tó fi gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀: "Ọwọ́ mi o! Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀!"

Nígbà tó yá, Dókítà Babáyẹmí jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rí ìgò náà.

"Ìgbà wo lẹ dé?"

"Mo ti wà níbí kó tó ké."

Dókítà fẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀gá dókítà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, pé epo dísù inú jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ, pé òun kì í lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Iṣan náà di rọ́bà mú, agbára káká ni wọ́n fi fà á yọ. Wọn ò rí àwòrán kankan yà.

Oyèbísí dùbúlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì pa ọ̀tún lára. "Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ẹ gbé mi lọ sílé." Kí wọ́n tó dá ọjọ́ míì fún àwòrán náà, iṣan tó wú lọ́pọlọ rẹ̀ bẹ́. Ó kú.

Ní Ìlá, lẹ́yìn ìsìnkú, Pásítọ̀ Jóṣúà ní Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi pè é.

Adétúnbọ̀ dìde. "Pásítọ̀, ọ̀gá dókítà ló pàṣẹ, Tìjání ló di ilẹ̀kùn. Ẹ má kó o lé Ọlọ́run lórí."

Àwọn ará ìjọ ní ọ̀fọ̀ ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Obì pọ́n lóko lọ́dún yẹn, kò lọ ká a. Títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ẹni tó bá kí i kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí i.