Búrẹ́dì Méjì Inú Àpótí

"Ìyá Horíónì, mo ní kí o gbé búrẹ́dì mi wá."

Kópíresì ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti orí ẹní, ikọ́ sì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Tàésísì, ìyàwó rẹ̀, kò kúrò nídìí àpótí. Búrẹ́dì mímọ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ mọ́.

Láyé ìgbà náà, àwọn onígbàgbọ́ ìlú Alẹkisáńdíríà a máa mú búrẹ́dì ìdàpọ̀ mímọ́ wálé láti ilé ìsìn, kí wọ́n lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ méjì ni ilé yìí ń lọ. Kópíresì gbà pé Ọlọ́run Baba ló dá Ọmọ, pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Horíónì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gbà pé Baba àti Ọmọ dọ́gba, àwọn méjèèjì ò sì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìjà àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ méjèèjì di ìjà ìdí ààrò. Ó ti pẹ́ tí bàbá àti ọmọ ti jọ jẹun gbẹ̀yìn. Tàésísì ló ń di búrẹ́dì wọn sí aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lánàá ni ìkòkò omi jò sórí àpótí. Ó tú aṣọ méjèèjì láti sá wọn, ó kó búrẹ́dì sórí àwo. Ikọ́ gbé ọkọ rẹ̀, ó sáré lọ dì í mú. Nígbà tó padà dé, èyí jọ ọ̀hún, ọ̀hún jọ èyí.

Gbogbo wọn mọ̀ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà Kópíresì. Irọ́ kékeré ì bá parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti búra pé òun yóò kúkú kú láìjẹ, ju kí òun jẹ búrẹ́dì àwọn tó ń fi ọmọ dọ́gba pẹ̀lú baba. Ẹ̀rù ba Tàésísì láti tan ẹni tó ń lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ó gbé àwo wá, ó sọ òótọ́.

Kópíresì ní kò le, búrẹ́dì ìjọ òun funfun ju ti àwọn alábùmọ́ wọ̀nyẹn lọ. Horíónì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté dé, ní ojú ti ń ṣe Bàbá bàìbàì. Àwọn méjèèjì nawọ́. Orí búrẹ́dì kan náà ni ọwọ́ wọn bà lé.

"Tiwa nìyí," ni bàbá wí.

"Tiwa ni, Bàbá. Mo mọ ọwọ́ tó yan án."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Tàésísì, ṣùgbọ́n omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú búrẹ́dì kejì, ó gbé e sókè.

"Èyí ńkọ́? Ọ̀kan nínú yín gba èyí gẹ́gẹ́ bí ara Olúwa lọ́jọ́ Àìkú. Lónìí, ẹ méjèèjì kọ̀ ọ́."

Ó jẹ ẹ́ níṣojú wọn, pẹ̀lú omijé.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó wà lọ́rùn mi."

Kópíresì wo ìyàwó rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó bu èyí tí wọ́n jọ ń dù sí méjì.

"Gbà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "N ò sọ pé o jàre o."

Horíónì kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Èmi náà ò sọ pé ẹ jàre, Bàbá," ó wí, ó sì jẹ ẹ́.