Ẹ̀rọ Tó Gbà Pé Kò Sí Iná

Máàkì ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni kọ̀ǹpútà ńlá ọ́fíìsì máa ń gbà nínú ìdánwò ìyára ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́sẹ̀ tí Morádéún fi kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun sí i, ìyẹn ètò abẹ́nú tó ń pàṣẹ fún ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ló gbà. Ó kọ iye náà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri, bí Níyìọlá ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì jókòó. Láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sin Níyìọlá, kò sí ohun tó dùn ún mọ́, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù ní Liverpool Road ni. Níyìọlá ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yìí ló ń tẹ ìwé tí tírélà fi ń jáde ní géètì. Ní báyìí tó ń wọ́ bí ìgbín, àwọn awakọ̀ ń fi họ́ọ̀nù bú gbogbo ìran ẹni tó wà nílé.

Ọ̀gá Dickson wọlé. "Madam, mi ò bá yín jà o. But tó bá di four o'clock tẹ́ ẹ ò rí ohun tó ṣe é, Usamah máa wipe gbogbo ẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ fresh. I no fit dey fight drivers."

Gbogbo ohun tí Níyìọlá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ náà ni yóò bá a lọ. Morádéún mọ̀. Ó wá ìbànújẹ́ nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó ní, "Ó ti yé mi, sà."

Ó dá kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ padà, iye náà di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ó tún gbé tuntun wá, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Usamah tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Àǹtí, kẹ́nẹ́ẹ̀lì yẹn ni olè."

Àlejò kúkú ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí bí nǹkan bá sọnù nílé. Morádéún fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ. Ó wò ó bóyá ẹ̀rọ ń gbóná, kò gbóná. Ó wo eré tí ọpọlọ rẹ̀ ń sá, ó rí i pé kò sáré rárá, ẹnì kan ló ní kó máa rọra rìn. Ó tọ ipasẹ̀ àṣẹ náà títí ó fi bá ìwé àṣẹ kékeré kan tí Níyìọlá kọ sínú ẹ̀rọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tó ku ínfátà nìkan, kí ẹ̀rọ máa rọra ṣe, kí bátìrì lè pẹ́. Bí iná bá dé, kó sáré. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni ìwé náà ń bi léèrè bóyá iná wà, ṣùgbọ́n tuntun yìí ti yí orúkọ ibi tí ìdáhùn wà padà. Nísàlẹ̀, Níyìọlá kọ ọ́ pé: "Bí o kò bá rí èsì, gbà pé kò sí iná. Èkó la wà."

Usamah rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Níyì ò gba NẸ́PÀ gbọ́ rárá."

Iná wà látàárọ̀, ẹ̀rọ sì ń ṣọ́ bátìrì lò. Morádéún tún orúkọ náà ṣe, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án padà dé kí aago mẹ́rin tó lù. Tírélà ń jáde, Ọ̀gá Dickson ń dúpẹ́. Inú Morádéún kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Ó gba Malu Road délé ní Ajégúnlẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń ṣú. Níyìọlá ló máa ń tan gbogbo nǹkan bí iná bá ti dé. Láti ìgbà tó ti kú, Morádéún kò fọwọ́ kan súìṣì yàrá wọn. Tọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn.

Adaeze, aládùúgbò rẹ̀, wá dá ìkòkò tó yá padà. "Àǹtí, why you dey sit down for dark? Light don dey since afternoon." Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó tẹ súìṣì.

Iná tàn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Sálúbàtà Níyìọlá wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, méjèèjì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bó ṣe bọ́ wọn sílẹ̀. Morádéún wò wọ́n. Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó sì bú sẹ́kún, Adaeze sì gbé ìkòkò kalẹ̀, ó jókòó tì í.