Okùn Kókò

Láti ìjẹta ni balógun wọn ti gun ẹṣin lọ, tó ní kí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ máa ṣọ́ ọ̀nà òkè Hida nílẹ̀ Japan. Ta ní í bi ẹlẹ́sẹ̀ bóyá ó ti jẹun? Gonroku àti Matazo nìkan ló ṣẹ́kù, ọfà sì ti fa itan Matazo ya.

Okùn tí Gonroku fi di itan náà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà ni oúnjẹ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wọn. Igi ewé kókò ni ìyàwó Matazo sè nínú ẹ̀wà oníyọ̀, tó sá gbẹ, tó hun lókùn fún ọkọ tó ń lọ sógun.

“Tú u, ká sè é,” Matazo wí.

“Panu mọ́ jàre. Tí mo bá tú u, o kú nìyẹn.”

“Òkú tó ń rìn ló ń bá òkú tó jókòó wí.”

Gonroku ṣí akẹtẹ̀ irin orí rẹ̀, ó lọ fi pọn omi lódò. Kó tó dé, Matazo ti tú okùn, ó ti fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, ó ti ṣa èyí tí ẹ̀jẹ̀ ò kàn sọ́tọ̀ sórí ewé. Ó sì ti kú.

“Alágídí,” Gonroku wí fún un.

Ó gbé akẹtẹ̀ ka iná. Ó jẹ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ò kàn. Lẹ́yìn náà, ó jẹ ìyókù.