Àga Abẹ́ Kámẹ́rà

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣìnà: ọkùnrin tó dúró lórí pèpéle yẹn, tó ń kọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bí ọmọ ṣe ń tọ́jú bàbá, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá tirẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá. Bí ẹ bá sì bi í léèrè, kò ní í rò pé òun purọ́. Yóò ní ojoojúmọ́ ni òun ń rí bàbá òun. Yóò yọ fóònù lápò, yóò sì fi bàbá hàn yín.

"Ìgbà ń yí," ni ó ń wí, ó rọra ń rìn lọ sí etí pèpéle bí ẹni tó ni ilẹ̀ náà. "Ìgbà ń yí, ṣùgbọ́n ètò tí Ọlọ́run fi ilé ayé lélẹ̀ kò yí. Aṣọ là ń pààrọ̀, ẹ̀yin ará mi, a kì í pààrọ̀ ara. Ní àtètèkọ́ṣe, Ẹlẹ́dàá kò rán áńgẹ́lì lọ wo Ádámù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá sínú ọgbà nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bi í léèrè pé, níbo lo wà? Nítorí kò dára kí ènìyàn nìkan máa gbé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Obìnrin kan níwájú nu ojú. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí ń sọ tí kì í ti àtètèkọ́ṣe bẹ̀rẹ̀, débi pé Bọ̀dá Àtètèkọ́ṣe ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, a di adójútòfò fún ìdílé ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́, ó lọ jókòó, ó sì yọ fóònù wò. Kì í ṣe pé ó ń wá nǹkan kan. Ọwọ́ ló ti mọ́ ọn lára. Yàrá bàbá rẹ̀ yọ sójú fóònù. Arúgbó náà wà lórí àga, ó tẹ̀ síwájú, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà pátápátá, níwájú arúgbó, orí ẹ̀yìn àga kan yọ, igi dúdú tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sí. Bọ̀dá Àtètèkọ́ṣe mọ àga náà. Àga ìyá rẹ̀ ni. Ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ kí ojú tó di bàìbàì. Nígbà tó gbéyàwó, kí ó tó kan bẹ́ẹ̀dì pàápàá, àga méjì ló kọ́kọ́ kàn, ó ní ilé tí kò ní àga méjì tó kọjú síra, ilé ìtajà ni. Lẹ́yìn tí ìyàwó kú, ọmọ ní kí bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n yàrá òkè ló ṣófo, ẹsẹ̀ arúgbó kò sì gba àtẹ̀gùn mọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A kò gbọ́ pé ẹni tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ronú àtigòkè. Ó gba obìnrin olùtọ́jú kan lórí fóònù, ó sì ra kámẹ́rà, ojúlówó, irú èyí tó ń rí inú òkùnkùn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e ka orí pẹpẹ kékeré kan lára ògiri, níbi tí orí ẹni tó bá jókòó yóò dé. Ó na ìka sí iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo iná yìí. Bó bá ti ń tàn, èmi ni. Ẹ ṣáà ṣe bí ẹni pé mo jókòó tì yín."

Ó wo aago, ó sì lọ.

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohùn ń bá àwòrán náà wá: ikọ́ bàbá, orin àárọ̀ bàbá, igi tí bàbá ń fi ìka lù láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Lọ́jọ́ kan, ní àárín ìpàdé àwọn ọ̀gá, ikọ́ arúgbó bú jáde láti inú àpò kóòtù rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì wo ara wọn lójú. Ó tẹ ohùn náà pa. Ó ní bí ìpàdé bá ti parí, òun yóò tú u sílẹ̀. Ẹ sì mọ bí ìpàdé ṣe máa ń bímọ. Láti ìgbà náà ni bàbá ti dà bí ẹja inú gíláàsì, ẹnu ń ṣí, ẹnu ń pa dé, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ tó ti rí àga ẹlẹ́yẹ méjì, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò wo fóònù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, arúgbó yóò tún fìlà dé, yóò fa àga tirẹ̀ súnmọ́ èkejì, ọ̀rọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ó ń ṣàlàyé, ó ń fi apá wọn pákó tí kò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn ó ń bẹ ẹnì kan. Lọ́jọ́ kan ó bó ọsàn, ó là á sí méjì, ó jẹ ìlàjì, ó sì na ìlàjì kejì sí òkè àga òfìfo náà. Lọ́jọ́ mìíràn ó sunkún. Ẹkún tí kò lóhùn sì burú ju èyí tó lóhùn lọ, nítorí èyí tó lóhùn, a lè fi ọwọ́ di etí sí i.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá Bọ̀dá Àtètèkọ́ṣe kú. Ọmọ ti ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òun ń bọ̀. Kò sọ ìyẹn rí lórí pèpéle kankan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ àpẹẹrẹ rere bó bá rí i ni. Báyìí, ó dá a lójú pé ìyá náà ti padà wá jókòó sórí àga rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ òun ọmọ wọn ni wọ́n sì ń sọ. Kì í ṣe pé òkú ń sọ̀rọ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tí òkú náà lè máa sọ ni. Ìka rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń tú ohùn sílẹ̀, ó sì yẹra. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún yẹra.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àga. Ní ọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n gbé àga àlejò jáde, ó ní afẹ́fẹ́ kò ráàyè. Nílé, ó gbé báàgì rẹ̀ ka orí àga tó kọjú sí i nídìí tábìlì oúnjẹ.

"Ta lẹ ò fẹ́ kó jókòó síbẹ̀?" Ìyàwó rẹ̀ ló bèèrè, obìnrin tó máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ líle.

Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ìpinnu rẹ̀ kádìí ọ̀rọ̀: bí ọ̀sẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà yóò wá gbé bàbá lọ, wọn yóò ti ilé náà pa. Ẹni tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ku àpérò ńlá tí wọ́n pè é sí, níbi tí yóò ti sọ̀rọ̀ lórí ètò àtètèkọ́ṣe. Bí ayé bá gbọ́ pé orí bàbá oníwàásù ìdílé ti dàrú, kí ni wọn yóò wí?

Ìyàwó ní ṣé ó ti bi olùtọ́jú. Ó ti bi í. Olùtọ́jú náà ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí ọ̀gá wá wò ó fúnra wọn. Èsì yìí ni kò jẹ́ kó sùn.

"Ẹ lọ, nígbà náà," ni ìyàwó wí.

"O mọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọlọ́run tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Ádámù, tí ẹ máa ń sọ, ṣé torí pé kò ní fóònù ni?"

"Má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́."

"Ọ̀rọ̀ yín kọ́ ni yẹ̀yẹ́," ni ó wí, ó sì gbé báàgì náà kúrò lórí àga.

Bọ̀dá Àtètèkọ́ṣe lọ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀nà náà kò jìn rárá. Orin mélòó kan nínú ọkọ̀, ó ti dé. Ó dúró níta títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Olùtọ́jú ṣílẹ̀kùn fún un, àgbà obìnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé "Màmá" ṣáá ló ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kúrú sí bí mo ṣe rò."

Òórùn igi gbígbẹ ṣì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayùn àti ìfági bàbá wà lára ògiri, wọ́n tò wọ́n bí ẹni pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́la. Bọ̀dá Àtètèkọ́ṣe rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá yín ti sinmi, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fi iná hàn án, tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin ni? Àtìgbà náà lẹ sì ń pè mí pé, ẹ sọ fún Bàbá pé mo ń rí wọn. Mo ń sọ fún wọn. Wọ́n ní ọmọ kì í ti ibi iṣẹ́ dé kó máa wà lórí ìdúró, ni wọ́n bá wọ́ àga ìyá yín lọ síbẹ̀ fún yín. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀ ni wọ́n máa ń retí yín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́: níbo lo wà?" Ó tẹjú mọ́ ọn. "Àbí ẹ kì í gbọ́ wọn ni?"

Ó yí ojú sí ayùn ara ògiri.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ló ń rẹ̀ yín."

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ìtura ló kọ́kọ́ bá a. Òkú kò jí, orí bàbá sì pé. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ti rí bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe dún ní àpérò: ní àtètèkọ́ṣe, bàbá kan gbé àga kan kalẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Ó rí obìnrin iwájú tó ń nu ojú. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì lọ tààrà síbi àga ẹlẹ́yẹ méjì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni bàbá wí. Ojú rẹ̀ ti funfun ju bó ṣe rí lórí fóònù lọ. "Ẹ má bínú, ẹ má jókòó lórí ìyẹn. Ọmọ mi ló ni ín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá tún iná ṣe?"

Ìbéèrè náà kọ́ ló gún un. Bàbá rẹ̀ ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Bàbá, èmi ni. Èmi ọmọ yín."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín àgbà tó mọ ìwà í hù. "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo yín lọmọ mi. Ẹ wá àpótí kan jókòó lé, ẹ fún ẹsẹ̀ nísinmi."

Bọ̀dá Àtètèkọ́ṣe, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀, yí ojú ká yàrá. Ó rí àpótí irinṣẹ́ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó lé e. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Arúgbó náà tún fìlà rẹ̀ dé, ó fa àga súnmọ́ iwájú, ó sì kọjú sí iná aláwọ̀ ewé. Ọmọ rẹ̀ yọ fóònù lápò. Ìka rẹ̀ dé ibi ohùn, lọ́tẹ̀ yìí kò yẹra.

"Níbo lo wà, ọmọ mi?" ni bàbá wí. "O kú iṣẹ́ o. O kú làálàá."

Ìgbà méjì ni ohùn náà dé etí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti ẹnu bàbá, lẹ́yìn náà ó tún gbọ́ ọ nínú ọwọ́ ara rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń pè láti òdì kejì odò. Nínú àwòrán, ó rí ojú bàbá tó mọ́lẹ̀ kedere, ó rí orí ẹ̀yìn àga òfìfo. Lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó sórí àpótí, ó doríkodò.

"A ní àlejò lónìí," ni bàbá sọ fún iná náà. "Kò tíì sọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ jọ ọ́."

"Ó fẹ́ jọ ọ́," ni fóònù wí.

Arúgbó náà wá dákẹ́, bó ṣe máa ń ṣe, kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè dáhùn.