Iná Tí Kò Tàn ní Ouando

Tí ẹ bá fẹ́ rí bí ènìyàn ṣe ń bínú títí irun imú fi ń dìde, ẹ̀ bá wà ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ tí Dókítà Arsène gbọ́ pé Kouboura ni ìjọba rán wá yẹ ẹ̀ka òun wò.

Arsène ni olórí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ físíìkì ní kọlẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun àti Kouboura jọ kàwé ni, wọn ò sì kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí Kouboura ti sọ lójú gbogbo ayé pé Arsène lè ṣírò bí òkúta ṣe ń já bọ́, ṣùgbọ́n tí òkúta bá ń bọ̀ lórí rẹ̀, ìwé ni yóò kọ́kọ́ ṣí.

"Ó ń bọ̀ wá pa ẹ̀ka mi!" Arsène pariwo.

Irọ́ kọ́. Bí àyẹ̀wò náà bá burú, wọn á ti ẹ̀ka pa, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún yìí ò sì ní rí díplóòmù gbà. Bouchra wà lára wọn. Bàbá rẹ̀, Àlájì Liamidi tó ń ta aṣọ lọ́jà Ouando, ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Tí díplóòmù ò bá dé lọ́dún yìí, ìsọ̀ aṣọ ń dúró dè ọ́."

Bouchra yìí náà ni Arsène yàn pé kó kọ́ kíláàsì tí aláyẹ̀wò máa wò. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀ o. "Ohùn rẹ ló dún ketekete," ló wí. "Ọpọlọ rẹ ò kàn mí."

Odindi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Ouando ní eré yìí: Bouchra á so wáyà mọ́ bátìrì, gílóòbù kékeré á tàn, àwọn ọmọ á kígbe pé "Ó tàn!", wọn á pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè tí oníkálukú máa béèrè pàápàá, Arsène pín in bí ẹni ń pín ẹran Iléyá.

Ọjọ́ pé. Kouboura wọlé, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ.

"Mádààmù, ẹ káàbọ̀ o," Arsène wí, eyín síta, ojú dúdú.

"Mi ò wá kí ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Bouchra so wáyà kìíní. Ó so èkejì.

"Ó tàn!" gbogbo kíláàsì kígbe. Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò lórí páànù.

Gílóòbù ò tàn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àfi bí Dorian, ọmọ tó ni ìbéèrè àkọ́kọ́, ṣe dìde fùú: "Mádààmù, kí ló dé tí iná yìí fi mọ́lẹ̀ tó báyìí?"

Kouboura yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Àbí ojú mi ni?"

Lẹ́nu ọ̀nà, Arsène ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe: máa bá a lọ, máa bá a lọ! Bouchra wò ó, ó wo Kouboura. Tí òun bá ń bá a lọ, obìnrin yìí á pa ẹ̀ka. Tí òun bá dúró, ọkùnrin yìí á pa òun.

"Ẹ dákẹ́!" ló wí. "Ta ló rí iná?"

Àwọn ọmọ yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà ní ká rí i ni," Dorian wí wẹ́rẹ́.

"Dókítà ò sí nínú wáyà. Ẹ bọ́ síbí, ká wá ohun tó fà á."

Ọ̀kan ní bátìrì ti kú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò tàn. Òmíràn ní gílóòbù ló jó. Wọ́n pààrọ̀ òun náà, pàbó. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Tatiana wá fa wáyà súnmọ́ ojú: wáyà tuntun ni, èyí tí Arsène rà láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ọ̀ṣọ́ lè pé, kò sì sẹ́ni tó bó rọ́bà ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà fi eyín bó o. Iná tàn! Kò sẹ́ni tó rántí pàtẹ́wọ́. Ìjà wáyà ni wọ́n ń jà, oníkálukú fẹ́ so ó.

Arsène já wọlé. "Èyí ò sí nínú ètò! Bouchra, ta ló kọ́ ọ nírú eléyìí?"

"Ìbéèrè tèmi gan-an nìyẹn," Kouboura wí, ó dìde. "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti dé ẹ̀ka yẹn, ṣọ́ọ̀kì nìkan lọwọ́ rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ yẹn á pa ẹ̀ka, díplóòmù á bá a lọ. Ó wo Arsène. Ojú ọ̀gá ti dà bí ojú ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ.

"Ọ̀gá Arsène ni." Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a ò fọ̀.

Arsène wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. "Ẹ gbọ́ o! Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn!"

"Mo gbọ́. Kíláàsì mìíràn wà lódìkejì. Gbé bátìrì rẹ, wọlé, kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ kí n rí."

Arsène wọlé. Ó so wáyà, iná tàn, ó rẹ́rìn-ín. Àfi bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Aïchath ṣe nawọ́: "Tí iná bá ti jáde nínú bátìrì, kí ló tún ń padà lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ta ló fún ọ ní ìbéèrè yẹn?"

"Èmi ni mo rò ó."

"Má rò!"

Ló bá kọjú sí pátákó, ó ń kọ ìṣirò títí agogo fi lù. Nígbà tó yíjú padà, ìdajì kíláàsì ti sùn.

Níwájú ilé ẹ̀kọ́, Kouboura ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ẹ̀ka rẹ ò ní kú." Arsène na ọwọ́ sókè ọ̀run. "Sọ ọwọ́ kalẹ̀, mi ò tíì parí. Àwọn ọmọ á gba díplóòmù wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wọn, kọlẹ́ẹ̀jì yìí lẹ ó ti máa kọ́ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, olùkọ́ kọlẹ́ẹ̀jì á sì máa yẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá kọ̀, màá tì í pa." Ó yíjú sí Bouchra. "Ìwọ, o purọ́ fún mi. Má dán an wò mọ́." Ó gun ọkọ̀, ó lọ.

Arsène kọjú sí Bouchra. "O ti bà mí jẹ́!"

"Èmi tí mo gbà yín là?"

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Gba díplóòmù rẹ, kí o lọ kọ́ni ní Kraké lẹ́nu ibodè lọ́hùn-ún, kí ojú mi má rí ọ mọ́!"

"Kraké kọ́, ọ̀gá. Nígbà tí ẹ kọjú sí pátákó, dìrẹ́kítọ̀ ibí bá mi sọ̀rọ̀. Ó lóun fẹ́ gbà mí síbí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ físíìkì. Èmi ni olùkọ́ tó máa yẹ̀ yín wò."

Arsène fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé," Bouchra wí, ó ń lọ. "Ẹ má pẹ́ o. Mi ò fẹ́ràn olùkọ́ tó ń pẹ́."